Bí A Bá Rí Erin, Kí A Sọ Pé A Rí Erin

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Bódìjà, Ìbàdàn, lórí ìrìn-àjò wíwo ẹran igbó

  

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ lónìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lójú àwọn mìíràn. Ó jẹ mọ́ àṣà kan tí ó ti ń wọ àárín àwọn tí ọwọ́ wọ́n tó nǹkan nínú ìlú wa, ní Bódìjà níhìn-ín, ní Ring Road àti ní Challenge, tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìhà gúsù ilẹ̀ Áfíríkà láti lọ wo ẹran igbó. Sàfárì ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ èdè Swahili tí ó túmọ̀ sí ìrìn-àjò. Bí wọ́n bá padà dé, wọn a máa fi àwòrán kìnnìún àti ti erin han ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀, ẹnu a sì máa ya àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan a mi orí, wọn a ní: “Kí ni ẹ ń náwó sí yìí? Ohun tí baba yín ń fi ìbọn pa, òun ni ẹ̀yin wá ń fi owó wò?”

Ìbéèrè àgbà ni, ó sì yẹ kí a dá a lóhùn. Ìdáhùn tèmi ni pé ìmọ̀ tí wọ́n ń tà fún wa ní gúsù yẹn, ìmọ̀ ọdẹ ni, àwọn baba wa sì ní in. Pé ó yẹ kí a máa lò ó ní ilé tiwa pẹ̀lú. Àti pé bí a kò bá tètè ṣe bẹ́ẹ̀, èdè wa yóò di èdè afọ́jú, tí yóò máa dárúkọ ohun tí kò rí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí àwọn tí kò tíì lọ rí. Ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́, ni wọ́n ń jí àlejò. Ọkọ̀ gíga tí kò ní ìlẹ̀kùn gíláàsì ni wọ́n ń gbé wọn, ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ náà ni ó sì tún ń fi ọ̀nà mọ̀ wọ́n. Ní ibòmíràn, atọpasẹ̀ a máa jókòó lórí àga kékeré kan níwájú ọkọ̀ gan-an. Ìdí tí wọ́n fi ń jáde ní kùtùkùtù ni pé ẹran a máa rìn nígbà tí ilẹ̀ bá tutù. Bí oòrùn bá ti mú, kìnnìún a sùn sábẹ́ igi, àwọn ẹran kéékèèké a sì fara pamọ́ sínú igbó. Nítorí náà àwọn àlejò a padà sí ibùdó ní ọ̀sán, wọn a sì tún jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ìgbà ẹ̀rùn ni ó sì dára jù, láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá ní ọ̀hún, nítorí nígbà náà koríko ti gbẹ, omi ti ṣọ̀wọ́n, gbogbo ẹran a sì máa kóra jọ sí ibi tí omi kù sí.

Òfin ìrìn náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ṣeré. A kì í dìde dúró nínú ọkọ̀, a kì í sọ̀kalẹ̀ láìgba àṣẹ, a kì í sì í pariwo. Ẹran tí ó ti mọ ọkọ̀ lójú a máa rí i bí ohun kan ṣoṣo, tí kì í ṣe ọ̀tá, tí kì í sì í ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yọra jáde nínú rẹ̀, ẹran náà yóò mọ̀ pé ènìyàn ni, yóò sá, tàbí kí ó bínú. Nínú ọgbà ńlá Kruger, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan, ilẹ̀kùn ọgbà a sì máa tì bí oòrùn bá ti ń wọ̀.

Iṣẹ́ atọpasẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí dáradára. Yóò wo ojú ẹsẹ̀ nínú yanrìn, yóò sì mọ̀ bóyá ti òru àná ni tàbí ti ìsinsìnyí. Yóò wo imí ẹran, yóò mọ ohun tí ó jẹ. Yóò wo koríko tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò mọ ìhà ibi tí ó kọjú sí. Yóò gbọ́ igbe ẹyẹ tàbí ti ọ̀bọ, yóò ní ẹkùn wà nítòsí. Yóò dán afẹ́fẹ́ wò, kí òórùn ènìyàn má baà ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹran. Njẹ́, ẹ̀yin Baba, ta ni a ń ṣàpèjúwe yìí bí kò ṣe ọdẹ? Kódà àwọn ẹran márùn-ún tí gbogbo àlejò ń wá kiri, èyíinì ni kìnnìún, ẹkùn, erin, ẹfọ̀n àti àgbáǹréré, àwọn ọdẹ ni ó kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ sójú kan, nítorí pé àwọn ni ó léwu jù fún ẹni tí ó bá ń fi ẹsẹ̀ lépa wọn.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀hún pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Ìbọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹran ilẹ̀ Transvaal tán nígbà tí ìjọba Paul Kruger ya ilẹ̀ Sabi sọ́tọ̀ fún ẹran ní 1898. Ní 1926 ni a sọ ọ́ di Ọgbà Kruger. Ní 1927, nígbà tí a kọ́kọ́ ṣí i fún àlejò, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́ta péré ni ó wọ inú rẹ̀ lọ́dún náà. Ní ayé ìsinsìnyí, àlejò tí ń wọ ibẹ̀ lọ́dún kan ti ju mílíọ̀nù kan lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbà náà ní ìtìjú tirẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn Olóyè gbọ́ ọ. Ní 1969, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà lé àwọn ará Makuleke, tí wọ́n tó 3,000 ènìyàn, kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn ní ìhà àríwá, lẹ́bàá odò Limpopo, kí wọ́n lè fi ilẹ̀ náà kún ọgbà. Nígbà tí ìjọba náà wó, àwọn ará Makuleke béèrè ilẹ̀ wọn, wọ́n sì gbà á padà ní 1998. Wọn kò tún kọ́ ilé sí i. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹran bí ó ti wà, ṣùgbọ́n nísinsìnyí àwọn ni onílẹ̀, wọ́n sì ní ìpín nínú owó tí àlejò ń mú wá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọgbà tí a bá fi ìyà onílẹ̀ dá sílẹ̀, ẹjọ́ ni yóò bí.

Ẹ wá wo òdìkejì rẹ̀ ní Bòtswánà. Ní 1963, kí ilẹ̀ náà tó gba òmìnira, àwọn BaTawana rí i pé ìbọn fẹ́ẹ́ pa ẹran ilẹ̀ wọn run. Obìnrin ni ó wà ní ipò adelé ọba nígbà náà, Pulane Moremi, opó Ọba Moremi Kẹta. Òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fúnra wọn ni wọ́n ya apá kan ilẹ̀ wọn sọ́tọ̀ nínú ẹrẹ̀ ńlá Okavango, wọ́n sì fi orúkọ Moremi pè é. Òyìnbó kọ́ ni ó pàṣẹ fún wọn. Orúkọ náà yóò dún mọ́ ọmọ Odùduwà létí nítorí Mọrèmí ti Ilé-Ifẹ̀. Ìdúnmọ́ra lásán ni, ṣùgbọ́n ó wù mí pé kí ó máa rán wa létí pé ọba àti ìjòyè lè gba ilẹ̀ wọn là kí ẹlòmíràn tó pàṣẹ. Lónìí, láti gbogbo ayé ni àwọn ènìyàn ti ń wá sí ọgbà Moremi.

Njẹ́ kí a padà sí ilé. Kò sí ìran tí ó wo ẹran ju àwọn baba wa lọ. Ẹni tí ó bá ti jókòó gbọ́ ìjálá mọ̀ pé olúkúlùkù ẹran ni ó ní oríkì: bí ó ti ń rìn, àwọ̀ ara rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ìbínú rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀. A kì í fi ìbọn kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, ojú ni a fi ń kó o jọ. Ọdẹ a lúgọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, wíwò tí ó wo ẹran ní àkókò yẹn ni ó sì di oríkì. Nígbà tí a bá ń yin arẹwà, a ní ó dára bí egbin. Nígbà tí a bá ń kí akọni, a ní ọmọ ẹkùn ni. A sì ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: “Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, kí a sọ pé a rí erin.” Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti rí erin, ó sì mọ̀ pé ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í kọjá fìrí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń pa òwe náà ní Agbowó àti ní Dùgbẹ̀ lónìí, inú àwòrán nìkan ni wọ́n ti rí erin. Lójú tiwọn, nǹkan fìrí ni erin jẹ́ ní tòótọ́.

Kì í ṣe pé ìlú wa kò ní nǹkan kan rárá. Ní 1948 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹran díẹ̀ jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di 1974, ó ti di ọgbà ẹranko tòótọ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú yìí ti kọ́kọ́ fi ojú kan kìnnìún. Ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, dá igbó ńlá kan sí lórí ilẹ̀ rẹ̀. Nínú igbó náà ni a ti ń rí ẹyẹ kan nínú ìdílé ẹ̀ga, dúdú tí orí rẹ̀ pọ́n, tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ ìlú wa pè: Malimbus ibadanensis. Gúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni ẹyẹ yìí ń gbé ní gbogbo ayé. Àwọn Òyìnbó tí ń fẹ́ràn ẹyẹ a máa ti òkèèrè wá wò ó. Mélòó nínú wa ni ó mọ̀ pé ẹyẹ kan ń jẹ́ Ìbàdàn?

Ṣùgbọ́n ẹran inú àgò kì í ṣe ọ̀gbà ẹran inú igbó. Kìnnìún inú àgò a fi ìrísí rẹ̀ hàn wá, kì í fi ìwà rẹ̀ hàn. Láti mọ ìwà, àfi kí a tọ̀ ọ́ lọ sí ilé rẹ̀. Ilé náà sì wà nínú ìpínlẹ̀ wa gan-an, èyíinì ni Ọgbà Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí igbó ọba, ti Ògùn Òkè ní 1936, ti Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941. Ní 1952 a sọ wọ́n di igbó ìtọ́jú ẹran, ní 1991 ìjọba àpapọ̀ sì so wọ́n pọ̀ di ọgbà kan ṣoṣo tí ó tó 2,512 kìlómítà níwọ̀n ìbú àti òró. Olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ọ̀yọ́. Ìnàkí wà níbẹ̀, àáyá wà níbẹ̀, ìgalà, ẹtu àti egbin pẹ̀lú, odò Ògùn sì ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá.

Ohun tí ọgbà yìí fi ju Kruger lọ lójú ọmọ Yorùbá ni èyí: inú rẹ̀ ni olú-ìlú àwọn baba wa wà, Ọ̀yọ́-Ilé, tí ogun tú ní nǹkan bí 1835 sí 1837, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó. Àwókù odi ìlú ṣì wà níbẹ̀, àfọ́kù ìkòkò ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ibẹ̀ láti wo ẹran yóò máa tọ ipa ẹsẹ̀ ìgalà lórí ilẹ̀ tí Aláàfin ti ń jókòó rí. Njẹ́ ọgbà wo ní gúsù ni ó lè fún ọmọ Ìbàdàn ní irú èyí?

N kò ní fi ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún yín. Àwọn apẹran ń wọ inú ọgbà náà lóru, àwọn darandaran sì ń da màlúù wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ààbò wà ńlẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1 May, 2019, ní ọgbà Pendjari ní ilẹ̀ Benin, àwọn agbébọn gbé àlejò méjì ọmọ Faransé lọ, wọ́n sì pa ọmọ ìbílẹ̀ tí ó ń fi ọ̀nà mọ̀ wọ́n. Ní ilẹ̀ tiwa náà, àwọn ẹni ibi ti sọ ọ̀pọ̀ igbó di ibùba. Nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ igbó ọba: kí ó kọ́kọ́ béèrè ní ilé iṣẹ́ ọgbà ní Ọ̀yọ́, kí ó sì bá àwọn ẹ̀ṣọ́ rìn, bí wọ́n bá sì sọ pé kò tíì yá, kí ó dúró. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé igbó tí àwọn ẹni rere bá pa tì, àwọn ẹni ibi ni yóò jogún rẹ̀.

Àkókò kò sì sí púpọ̀ mọ́. Àgbáǹréré dúdú ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ó kẹ́yìn sí Kamẹrúùnù, ni àwọn onímọ̀ kéde ní 2011 pé ó ti run pátápátá. Kìnnìún tí ó kù ní gbogbo Nàìjíríà, ní Yankari àti ní Kainji nìkan, ni wọ́n fojú díwọ̀n pé kò tó 50. Síbẹ̀ ìrètí kò tíì pin. Ní ilẹ̀ Niger tí ó wà ní àríwá wa, àgùnfọn tí ó kù ní àárín ọdún 1990 sí 2000 kò ju nǹkan bí 50 lọ. Ìjọba fi òfin dè é, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé orí ilẹ̀ kan náà kò pa á mọ́, àwọn ọmọ ìlú sì di afinimọ̀nà fún àlejò. Lónìí ó ti ju 600 lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe ní ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, kí ni yóò dí wa lọ́wọ́ níhìn-ín?

Nítorí náà, ẹ̀yin Baba àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo fi ohun mẹ́rin síwájú yín.

Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ lágbára láti lọ sí gúsù, ẹ lọ, ojú tí ó rìn kì í jẹ́ bákan náà pẹ̀lú ojú tí ó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀: báwo ni a ti ń kọ́ afinimọ̀nà níṣẹ́? Ìpín wo ni ó ń tọ́ sí àwọn tí ń gbé etí ọgbà? Ẹ mú ìdáhùn padà wá sí ilé pẹ̀lú àwòrán yín.

Èkejì, ẹ̀yin Olóyè, ẹ pe àwọn ọdẹ. Ọdẹ àgbà tí ó mọ gbogbo ìpasẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí à ń fi ẹ̀ṣọ́ lé kiri. Òun ni ó yẹ kí ó máa kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́. Kí a bá ìjọba sọ ọ́ pé láti inú àwọn ìlú etí ọgbà, bí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Tedé, ni kí á ti máa yan afinimọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni a ó fi yẹra fún ẹjọ́ Makuleke, tí a ó sì rìn ní ọ̀nà Moremi.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ìkòkò ọbẹ̀. N kò sọ pé kí a má jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́. Ọ̀yà wà tí à ń sìn nínú ilé, ẹran rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti wà láti 1985 tí ó ka pípa àwọn ẹran tí ó ń parẹ́ léèwọ̀. Bí ará ìlú tí ó kàwé bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà ra irú ẹran bẹ́ẹ̀, òun ni ó yìn ìbọn náà. Bí olùrà kò bá sí, olùtà yóò wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, àwọn ọmọ. Kí Ẹgbẹ́ wa gbà á ní iṣẹ́ pé lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀rùn, a ó kó àwọn ọmọ ilé-ìwé díẹ̀ lọ sí ọgbà Yunifásítì, àti sí Ọ̀yọ́-Ilé bí ọ̀nà bá dára, kí onísùn ìjálá kan sì bá wọn lọ. Bí ọmọ bá rí ẹran, kí ó gbọ́ oríkì rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí a sì bẹ àwọn aláṣẹ pé kí orúkọ ẹran ní èdè Yorùbá wà lára pátákó níbi gbogbo tí a bá ti ń fi ẹran han àlejò. Ọmọ tí ó bá fi ojú rẹ̀ rí egbin ní etí odò Ògùn, tí ó sì gbọ́ oríkì rẹ̀ lójú kan náà, yóò mọ ìdí tí a fi ń fi egbin yin arẹwà, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á run.

Fún àwọn àgbà tí ó béèrè ohun tí a ń náwó sí, ìdáhùn nìyí: ohun tí àwọn baba wa fi ojú kó jọ tí wọ́n sì fi sínú èdè fún wa, òun ni a ń lọ wò, kí ó má baà parẹ́ lójú wa. Kí Olódùmarè dá igbó wa sí, kí ó mú kí ọ̀nà wa dẹrọ̀, kí ojú ọmọ wa sì máa rí ohun tí ẹnu wọn ń pè. Àṣẹ.